Ẹ Bi Wá Léèrè: Ìdí Tí Èérún Inú Omi Fi Ń Lẹ̀ Mọ́ Ojú Tí Ṣáàjì Rẹ̀ Yàtọ̀ sí Tirẹ̀

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, níbi tí a ti kọ̀wé nípa omi kànga àti omi odò, a sọ ọ́ bí ẹni ń kọjá lọ pé ṣáàjì ni álọ́ọ̀mù fi ń ṣiṣẹ́ nínú omi. Ṣáàjì ni agbára iná mànàmáná tó wà lára nǹkan; ó lè jẹ́ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù, àwọn tó yàtọ̀ síra ń fa ara wọn, àwọn tó jọra sì ń ti ara wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló fa gbogbo lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kà yìí, láti oríṣiríṣi àdúgbò ní Abẹ́òkúta. A yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé, a sì gé lẹ́tà wọn kúrú, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ kan ohun tí wọ́n béèrè.

Láti Ìbarà: *Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Màmá mi máa ń fi álọ́ọ̀mù sí omi kànga wa ní ìgbà òjò, omi náà á sì ti tòrò kí ó tó di ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí èmi ṣe é, mo rò pé bí mo bá fi kún un, yóò tètè tòrò ju ti màmá lọ. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tòrò, àmọ́ bí mo ṣe ń fi kún un, ńṣe ló rú padà. Kí ló fà á?*

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Kí a tó dé orí àfikún tí ẹ ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó mú omi náà rú ní àkọ́kọ́. Orí òkúta ni Abẹ́òkúta jókòó sí, kì í sì í ṣe Olúmọ nìkan. Òkúta gíránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa káàkiri. Nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni fẹ́lísípà wà, èyí tí òjò àti oòrùn máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ títí tí yóò fi di amọ̀. Àgbàrá ló ń gbá amọ̀ náà wọ inú kànga àti Odò Ògùn. Èyí tó tóbi nínú rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń sìlẹ̀, àmọ́ èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà ni ìṣòro, òun sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ́lọ́ìdì láti ìgbà tí Thomas Graham, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti fún un lórúkọ yẹn ní 1861. Èérún amọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kì í rọ̀ sísàlẹ̀ tó mìlímítà kan lójúmọ́ nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́. Bí omi inú korobá yín bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó máa lé ní ọdún kan kí èérún tó wà lójú omi tó kan ìsàlẹ̀. Ìṣirò yẹn gan-an ti ṣojúure, nítorí pé mólékù omi ń gbá èérún náà síwá sẹ́yìn láìsinmi, kò sì ní jẹ́ kí ó rọ̀ tààrà.

Wàyí o, kí ló dé tí àwọn èérún náà kì í fi kóra jọ kí wọ́n wúwo? Ojú èérún amọ̀ nínú omi ní ṣáàjì nẹ́gétíìfù, ti gbogbo wọn sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbàkúùgbà tí méjì bá fẹ́ pàdé, wọ́n á ti ara wọn sẹ́yìn kí wọ́n tó kanra. Ohun tó ń mú omi rú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn.

Álọ́ọ̀mù ní alumíníọ̀mù nínú. Bí ó bá ti yọ́, alumíníọ̀mù náà á dara pọ̀ mọ́ omi, á sì di oríṣiríṣi nǹkan tó ní ṣáàjì pọ́sítíìfù; díẹ̀ nínú wọn jẹ́ áyọ́ọ̀nù lásán (ìyẹn átọ́ọ̀mù tàbí ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù tó ní ṣáàjì), òmíràn sì ti di èérún kékeré fúnra rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ojú amọ̀ ń fà mọ́ra. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á pa ṣáàjì rẹ̀ rẹ́, àwọn èérún amọ̀ tí kò ní ohun tí wọ́n fi lè ti ara wọn mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí dì mọ́ra. Bí ẹ bá ṣe é nínú gíláàsì tó mọ́ gaara, ẹ ó rí i pẹ̀lú ojú yín: omi náà á kọ́kọ́ dà bí èyí tó tún pọ́n sí i, lẹ́yìn náà ni nǹkan fúlẹ́fúlẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí hàn láàárín rẹ̀, tí yóò máa tóbi sí i, tí yóò sì máa yí wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé lílẹ̀ náà kì í dúró nígbà tí ṣáàjì amọ̀ bá ti parẹ́. Bí pọ́sítíìfù bá ṣì pọ̀ nínú omi, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ amọ̀ náà lọ, títí tí ojú tó ti jẹ́ nẹ́gétíìfù tẹ́lẹ̀ yóò fi di pọ́sítíìfù. Nígbà náà gbogbo èérún tún ti ní ṣáàjì kan náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí ti ara wọn, omi sì rú padà. Nítorí náà kì í ṣe àléébù álọ́ọ̀mù tí ẹ rà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe kọjá ààlà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi mọ̀ nípa èyí dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí wọn kì í fi méfò ìwọ̀n álọ́ọ̀mù. Wọ́n á to ìgò mélòó kan, wọ́n á bu omi odò kan náà sí gbogbo wọn, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí wọn ní ìwọ̀n tó ń pọ̀ sí i láti orí ìgò kan dé èkejì, wọ́n á ro ó kíákíá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún ro ó jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò. Ìgò tí omi rẹ̀ mọ́ jù ló ń sọ ìwọ̀n tó yẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ lè fi ìgò omi oníke mẹ́rin ṣe irú rẹ̀ nílé. Rírò jẹ́jẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí àwọn èérún pàdé láìfọ́ èyí tó ti dì. Bí omi náà ṣe kan sí ní ipa tirẹ̀ pẹ̀lú: ó dára kí pH rẹ̀, òǹkà tó ń já wálẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i, wà láàárín 6 sí 7.5. Àjọ ìlera àgbáyé ní ilé iṣẹ́ omi tó bá ń ṣe é dáadáa lè mú kí alumíníọ̀mù tó kù nínú omi má ju 0.2 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, nítorí náà àṣejù kò dára fún ohun tí à ń mu. Ẹ má sì gbàgbé pé omi tó tòrò lè ní kòkòrò àrùn nínú síbẹ̀. Ẹ sè é.

Láti Kútọ̀: *Iyọ̀ ni mo ń tà, Olóòtú. Bí ó bá jẹ́ pé ṣáàjì ni gbogbo rẹ̀, iyọ̀ náà ní áyọ́ọ̀nù pọ́sítíìfù. Ṣé a kò lè lo iyọ̀ dípò álọ́ọ̀mù? Ẹnì kan tún ní hóró mòríńgà náà ń ṣe é.*

Ó lè ṣe é, àmọ́ ẹ kò ní lè mu omi náà. Áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù inú iyọ̀ ní ṣáàjì kan péré, ti alumíníọ̀mù sì ní mẹ́ta. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ kíyè sí ohun tí èyí ń fà ni Hans Schulze ní 1882 àti William Hardy ní 1900: wọ́n rí i pé bí iye ṣáàjì orí áyọ́ọ̀nù bá ti pọ̀ sí i, ìwọ̀nba tí ènìyàn nílò láti mú kọ́lọ́ìdì dì máa ń já wálẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, ó jáde pé áyọ́ọ̀nù oníṣáàjì mẹ́ta lè lágbára tó ìlọ́po 729 ti oníṣáàjì kan. Ti álọ́ọ̀mù kò bọ́ sórí òǹkà yẹn gẹ́lẹ́, nítorí pé kì í ṣe áyọ́ọ̀nù oníṣáàjì mẹ́ta nìkan ni alumíníọ̀mù ń dì nínú omi, ṣùgbọ́n ẹ ti rí bí ó ṣe jìnnà tó.

Iyọ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ níbi kan tí ẹ mọ̀. Odò Ògùn tó gba inú ìlú wa kọjá ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó. Nígbà tí amọ̀ tí odò gbé bá pàdé omi oníyọ̀, ìtì tí àwọn èérún ń ti ara wọn á rọlẹ̀, wọ́n á sì dì, wọ́n á rì. Lára ohun tí ẹrẹ̀ fi ń kó jọ sí ẹnu odò tó wọ òkun nìyẹn.

Ti mòríńgà jẹ́ òótọ́. Purotéènì kan wà nínú hóró rẹ̀ tó ní ṣáàjì pọ́sítíìfù nínú omi tí à ń mu, ó sì ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ bí ti álọ́ọ̀mù. Kì í sọ omi di kíkan bí álọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe. Àmọ́ ohun mìíràn tó wà nínú hóró náà máa ń kù sínú omi, òun ni kòkòrò á sì máa jẹ, nítorí náà omi tí ẹ bá fi mòríńgà ṣe kò yẹ kí ó sùn kí ẹ tó lò ó.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Abẹ́òkúta: *Olùkọ́ wa ní èérún pọ́sítíìfù á máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì nẹ́gétíìfù títí tí yóò fi bo gíláàsì náà tán. Àwòrán tí mo rí nínú ìwé yàtọ̀ sí èyí: èérún rọ́ńdọ́rọ́ńdọ́ ló fọ́n ká sójú náà, àlàfo sì pọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ó ti kún. Báwo ló ṣe kún tí àlàfo ṣì wà?*

Olùkọ́ yín kò purọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìfàmọ́ra ojú gíláàsì ló ń mú èérún wá. Iye tí yóò jókòó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn èérún tó ti jókòó ṣáájú ló wà. Bí ẹ bá di èyí mú, gbogbo ohun yòókù á yé yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara gíláàsì. Ojú rẹ̀ kún fún sílíkọ́ọ̀nù tó di ọ́síjìn àti háídírójìn mú. Bí ó bá ti wọ omi, àwọn háídírójìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí já kúrò, wọ́n á fi ṣáàjì nẹ́gétíìfù sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àyàfi bí omi náà bá kan tó pH 2 tàbí 3 ni èyí tó lè dáwọ́ dúró, nítorí náà nẹ́gétíìfù ni ojú gíláàsì nínú omi ẹ̀rọ wa. Ṣáàjì kì í sì í dá wà nínú omi. Áyọ́ọ̀nù tó yàtọ̀ sí i á pé yí i ká, àwọn kan á fara mọ́ ọn, àwọn yòókù á sì fọ́n díẹ̀ sẹ́yìn. Louis Gouy ní 1910 àti David Chapman ní 1913 ló ṣírò bí wọ́n ṣe ń fọ́n. Àwọn tó pé yìí ló ń bo ṣáàjì náà mọ́lẹ̀, tí ẹni tó bá wà lókèèrè kò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ lè dé kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n, èyí tí wọ́n fi orúkọ Peter Debye pè. Bí omi kò bá ní ju 0.06 gíráàmù iyọ̀ lọ nínú lítà kan, ìwọ̀n náà jẹ́ nǹkan bíi nanomítà 10, nanomítà kan sì ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà. Ẹ da ṣíbí tíì kan sí lítà omi náà, nǹkan bíi gíráàmù 6, ó dín kù di nanomítà 1.

Nígbà tí èérún pọ́sítíìfù bá rìn wọ ibi tí agbára gíláàsì dé, wọ́n á fa ara wọn. Àmọ́ ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀, tí mo rò pé àwọn tó ń kọ́ni máa ń fò jù: àwọn áyọ́ọ̀nù tó pé yí gíláàsì ká àti àwọn tó pé yí èérún ká kò wúlò níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì tú dà sínú omi. Òmìnira tí wọ́n gbà yẹn wà lára ohun tó ń ti lílẹ̀ náà síwájú, nígbà mìíràn gan-an ó ju ìfàmọ́ra fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń dé. Nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, àwọn tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ ń lẹ̀, àwọn tó jìnnà sì ní láti rìn wá láìní ojú ọ̀nà kan pàtó. Nítorí èyí, bí ẹ bá fẹ́ kí iye tó lẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin àkókò ni ẹ ó dúró. Bí àyè bá wá ń tán, ó tún ń falẹ̀ jùyẹn lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ èérún á dé orí èyí tó ti jókòó, wọ́n á sì padà.

Ti àlàfo tí ẹ béèrè ló kàn. Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìtòkú lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ra àdìrẹ láti Èkó bá dé. Kò sí ilà tí ẹnikẹ́ni fà sílẹ̀. Onímọ́tò kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó bá rí, kò sì ní sún síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́ nítorí ẹni tó ń bọ̀. Kò ní pẹ́ tí mọ́tò mìíràn kò fi ní rí ibi wọ̀, bẹ́ẹ̀ àlàfo wà láàárín gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò kàn tó mọ́tò kan ni. Ní 1958, Alfréd Rényi, onímọ̀ ìṣirò ará Hungary, ṣírò rẹ̀ pé bí gbogbo mọ́tò bá gùn bákan náà tí wọ́n sì ń dúró bí wọ́n ṣe rí, nǹkan bíi 74.8 nínú ọgọ́rùn-ún títì náà ni wọn yóò gbà kí ó tó kún. Ti èérún le jùyẹn, nítorí pé orí ojú tó tẹ́jú ni wọ́n ń jókòó sí, kì í ṣe lójú ìlà kan. Bí wọ́n bá rí róbótó, 54.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin rẹ̀. Èérún kan náà, bí ènìyàn bá fọwọ́ tò ó létòlétò, ì bá gbà tó 90.7. Èérún tó lẹ̀ kì í yí lọ yí bọ̀ kí ó lè fún ẹlòmíràn láyè. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ kan ló dì mú. Jens Feder àti Ivar Giaever, ẹni tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 1973, lo ìrònú yìí ní 1980 fún férítìnì, purotéènì tó ń tọ́jú irin sínú ara wa.

Síbẹ̀ àwòrán tí ẹ rí lè má tó 54.7 rárá, ìdí sì ni pé mọ́tò kì í ti mọ́tò, àmọ́ èérún ń ti èérún. Pọ́sítíìfù ni gbogbo wọn. Èyí tó ti jókòó ń lé èyí tó fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ó fẹ̀ ju bí ó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ mú èérún tó fẹ̀ ní nanomítà 100, kí ẹ sì ní agbára tó fi ń ti ẹlòmíràn dé nanomítà 20 yí i ká. Ó ti di ẹni tó ń gba àyè nanomítà 140. Ẹ fi 140 pín 100, ẹ fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá fi 54.7 sọ ọ́ di púpọ̀: ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀ ló fi lé ní ìdámẹ́rin gíláàsì náà, ó sì ti kún.

Ibi tí iyọ̀ ti ń ya ènìyàn lẹ́nu nìyí. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì lè mú ká rò pé bí iyọ̀ bá pọ̀, ìfàmọ́ra á dín kù, èérún tó lẹ̀ á sì dín kù. Òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: iyọ̀ díẹ̀ sí i á bo ìtì tó wà láàárín àwọn tó jókòó mọ́lẹ̀, wọ́n á lè súnmọ́ra, iye wọn lórí gíláàsì á sì pọ̀ sí i títí tí yóò fi súnmọ́ 54.7 yẹn. Bí iyọ̀ bá wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn èérún á bẹ̀rẹ̀ sí dì mọ́ra nínú omi kí wọ́n tó dé gíláàsì, ìfàmọ́ra gíláàsì náà á sì kúrú. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní láàbù yín, ẹ yí ìwọ̀n iyọ̀ padà, ẹ fi gbogbo ohun yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ sì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó pọ̀ tó, nítorí pé àwọn tó ń kánjú máa ń ka ohun tí kò tíì kún sí ohun tó kún.

Àfikún kan: gíláàsì tí èérún pọ́sítíìfù bá ti bò bẹ́ẹ̀ lè wá fa èérún nẹ́gétíìfù mọ́ra lórí wọn, lẹ́yìn náà pọ́sítíìfù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ralph Iler fi èérún alumínà, tó jẹ́ pọ́sítíìfù, àti ti sílíkà, tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, to irú ìpele bẹ́ẹ̀ léra wọn ní Amẹ́ríkà ní 1966, àwọn ohun kan tí wọ́n ń fi bo dígí àti irinṣẹ́ lónìí sì gba ọ̀nà yẹn.

Láti Òkè-Ìlẹ̀wó: *Inú táǹkì oníke wa la ti ń fi álọ́ọ̀mù sí omi. Ohun kan tó pọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Mo fi omi ṣàn án, kò kúrò. Kàn-ìn-kàn-ìn ló mú un. Bí ó bá jẹ́ ṣáàjì ló dì í mú, kí ló dé tí omi kò lè tú u?*

Ohun mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀. Èkíní, èérún kan kì í fi ṣáàjì kan ṣoṣo di ara táǹkì mú. Ọ̀pọ̀ ojú ni wọ́n ti kanra, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ tú lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó lè lọ. Èkejì, nígbà tí wọ́n bá ti kanra tán, ìfàmọ́ra mìíràn tí kì í wo ṣáàjì rárá á tún kún un. Òun ni ó ń mú ohun gbogbo fara mọ́ra bí wọ́n bá ti súnmọ́ tó, kò sì jìnnà ju nanomítà mélòó kan lọ. Ìdí nìyẹn tí nẹ́gétíìfù gan-an fi lè lẹ̀ mọ́ nẹ́gétíìfù bí ohun kan bá lè tì wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń lé ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó kan omi yín. Bó ti wù kí ẹ da omi lágbára tó, omi tó fara kan ara táǹkì gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí kúrò lójú kan. Ibi tó jìnnà díẹ̀ sí i ni ìṣàn náà ti ń yára. Èérún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ fara pamọ́ sínú apá tí kò ṣàn yìí, omi sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kàn-ìn-kàn-ìn fọwọ́ kàn án ní tààrà, òun ló jẹ́ kí ó kúrò.

Ó jọ pé àpòpọ̀ amọ̀ àti álọ́ọ̀mù ni ohun tó lẹ̀ yẹn. Oníke nínú omi sábà máa ń jẹ́ nẹ́gétíìfù, amọ̀ náà nẹ́gétíìfù ni, alumíníọ̀mù pọ́sítíìfù ló sì wà láàárín tó di méjèèjì pọ̀. Alumíníọ̀mù bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ohun kíkan. Bí ẹ bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ara táǹkì náà tí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó máa dẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín kò sì ní wọ́ lórí kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn náà. Ohun tó dára jù ni kí ẹ máa fi álọ́ọ̀mù sí omi nínú korobá tàbí dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ wá fa èyí tó tòrò sínú táǹkì.

Láti Pànṣẹ́kẹ́: *Onídìrí ni mí. Ṣé irú nǹkan yìí náà ló fà á tí kọndíṣọ́nà fi máa ń kù sára irun lẹ́yìn tí a bá ti fi omi ṣàn án, tí ṣampú sì máa ń lọ tán? Mo tún ṣàkíyèsí pé ẹnu irun ló máa ń mú un jù.*

Òun gan-an ni, ẹ sì ṣàkíyèsí dáadáa. Irun jẹ́ nẹ́gétíìfù nínú omi tí pH rẹ̀ bá ti ju nǹkan bíi 4 lọ. Ohun tó ń fọ ìdọ̀tí nínú ọ̀pọ̀ ṣampú jẹ́ nẹ́gétíìfù pẹ̀lú, nítorí náà irun kì í dá a dúró; omi á gbé e lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí tó dì mú. Ti kọndíṣọ́nà yàtọ̀: pọ́sítíìfù ni ohun tó ń mú irun rọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi ẹ̀kán òróró kéékèèké kún un, tí àwọn náà jẹ́ kọ́lọ́ìdì. Ìdí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, àyàfi èyí tí ilé iṣẹ́ ti pò pọ̀ fún ara wọn. Bí ṣampú bá ṣì wà lórí, òun ni kọndíṣọ́nà á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ kí ó tó kan irun.

Ní ti ẹnu irun, apá yẹn ló ti pẹ́ jù lórí, rílásà, oòrùn àti kọ́ọ̀mù sì ti bó òróró tó bo irun náà kúrò. Ibi tí òróró yẹn ti bó ni nẹ́gétíìfù pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni kọndíṣọ́nà ń lọ láìjẹ́ pé ẹ fi í síbẹ̀. Fún oníbàárà tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tí kò tíì rí rílásà rí, ẹ dín in kù, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù kò ní rí ibi lẹ̀ mọ́, omi ló máa gbé e lọ.